Ẹ gbà mí o: ta ló mọ láàbù tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó fi orí ṣèṣe?

Ìyá Rótìmí:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tí mo pọ̀n dàgbà, ló gbé ọkadà ń lọ sí Ìwó tí típà oníyanrìn fi gbá a. Akoto ń bẹ o, orí tánkì ọkadà ló gbé e lé, kò dé e! Àtìgbà náà ló ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Á kàn lajú sílẹ̀ máa wò wá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn dókítà yìí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Òní shúgà, ọ̀la PCV tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, ọ̀tunla iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. A ó tò sanwó, a ó tún tò fi rìsíìtì hàn. Bí mo bá wá bèèrè pé ṣé á gbádùn, wọ́n á ní "Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó." Ẹ máa wò ó títí dìgbà wo? Ìyàwó rẹ̀ náà kò ràn mí lọ́wọ́. Orin ló ń kọ sí i létí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ẹni pé ìsọmọlórúkọ la wá ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àwọn òyìnbó ti ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ọpọlọ ṣe ṣèṣe tó, àti bóyá ẹni náà á yè. Ìṣẹ́jú 15 péré, èsì ti dé. Mo gbé fóònù lọ fún dókítà kékeré kan, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Mummy, a ò ní i níbí." Ṣé mo ní kó fi mí rẹ́rìn-ín ni? Ẹni tó bá mọ láàbù tó ń ṣe é, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kó jọ̀ọ́ kó sọ fún mi. Orúkọ rẹ̀ ni GFAP àti UCH-L1. Iyekíye tó bá jẹ́, a ó wá a.

Ràsákì Fọganáísà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á gbé e dìde. Ẹ̀yin náà ti dárúkọ ibẹ̀ tán, UCH Ìbàdàn ni. Bí ẹ bá ti dé Mókólá, gbogbo èèyàn ló mọ̀nà. Ẹ bèèrè wọ́ọ̀dù L1.

Làbúdé Láàbù:
Ràsákì, ẹ má rán ìyá oníyàá kiri o! UCH-L1 kì í ṣe wọ́ọ̀dù. Purotéènì kan ni, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gbé iṣẹ́ kiri ara ló ń gbé. GFAP ń gbé inú àwọn sẹ́ẹ̀lì míì tó ń ṣaájò àwọn yẹn. Bí orí bá gba ìkọlù, tí sẹ́ẹ̀lì bá ya, wọ́n á sun jáde wọnú ẹ̀jẹ̀, láàbù á wá wọn iye tó sun jáde.

Àmọ́ àsìkò ni ọ̀rọ̀ náà wà. UCH-L1 máa ń ga jù ní nǹkan bíi wákàtí 8 lẹ́yìn jàǹbá, GFAP ní nǹkan bíi wákàtí 20, lẹ́yìn náà wọ́n á máa lọ sílẹ̀. Lọ́dún 2018 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2024, tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Abbott ń fi ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe fà á gan-an ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, tó ń mú èsì wá ní ìṣẹ́jú 15 yẹn, inú wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Ẹni tó ṣì mọ ara rẹ̀ dáadáa ni wọ́n sì ń ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó nílò CT scan, ìyẹn àwòrán inú orí, tàbí kò nílò rẹ̀. Wọn ò fi sọ ẹni tó máa yè. Ìgbà wo gan-an ni jàǹbá yìí ṣẹlẹ̀, mà?

Ìyá Rótìmí:
Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni pé ó ń sọ ẹni tó máa yè. Ẹni tó wà ní Houston kò lè parọ́ fún mi.

Alhaja Ṣìkírá:
Ìyá Rótìmí, mo bá yín kẹ́dùn. Ọmọ mi náà ré bọ́ lórí igi máńgòrò nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba etí rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó ṣe ẹ̀jẹ̀ kankan fún un, àdúrà la fi ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Lónìí ó ń wa trélà. Àmọ́ ó máa ń gbàgbé nǹkan o, ìyàwó rẹ̀ ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí pé ó ra gáàrì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Mo ní ẹ̀yin ò mọ ibi tí Ọlọ́run ti yọ ọ́.

Kọ́lá Manchester:
Làbúdé, ẹ má fi Amẹ́ríkà nìkan dẹ́rù bà wọ́n. Láti ọdún 2013 ni àwọn Norway, Sweden àti Denmark ti fi S100B, purotéènì míì, sínú ìlànà ìtọ́jú wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán lòun náà.

Làbúdé Láàbù:
Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń rán an: kí wọ́n má baà ṣe CT scan fún ẹni tí nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe. Wákàtí 6 àkọ́kọ́ ni. S100B tún wà nínú ọ̀rá, ó ń sun jáde bí egungun bá kán. Ẹni tí típà gbá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, S100B rẹ̀ á ga kódà bí nǹkan kan ò bá ṣe orí rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí ìyá yìí fi ṣe?

Kọ́lá Manchester:
NfL, purotéènì ọpọlọ míì, ńkọ́? Ìyẹn ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀.

Làbúdé Láàbù:
Ó ń pẹ́, ó tiẹ̀ ń gòkè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn olùwádìí ló ṣì ń fi ṣiṣẹ́. Ẹ ò lè dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan kí ẹ fi nọ́ńbà NfL dájọ́ fún un. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹni tó ní ìbéèrè.

Wòlíì Ayọ̀bámi:
Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Nọ́ńbà mi wà lójú ewé mi.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Wòlíì, kò sẹ́ni tó pè yín síbí.

Ìyá Rótìmí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ò tíì sọ nǹkan tó yẹ ká gbọ́. Ọjọ́ wo ni jàǹbá yẹn? Ṣé wọ́n ti ṣe CT scan? Bí wọ́n bá ní kó ká ọwọ́ tàbí kó na ìka, ṣé ó ń ṣe é? Rọ́bà wo ló sì wà lára rẹ̀, ṣé ti imú nìkan ni?

Ìyá Rótìmí:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. CT scan, wọ́n ṣe é, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, pé kò tó ohun tí àwọn á la orí fún. Kẹ́nikẹ́ni má bú mi pé a pẹ́ o. Kílíníìkì àdúgbò la kọ́kọ́ gbé e lọ, nítorí ó sún mọ́ wa, wọ́n rán ojú egbò, wọ́n fa dírípù sí i. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ kí wọ́n tó ní ká máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ta ni kò ní kọ́kọ́ sáré lọ síbi tó sún mọ́ ọn?

Làbúdé Láàbù:
Mà, ọjọ́ wo?

Ìyá Rótìmí:
Ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta.

Làbúdé Láàbù:
Háà. Àyẹ̀wò tí ẹ ń wá ti kọjá lọ pátápátá nìyẹn. Kódà bí mo bá ní ẹ̀rọ Abbott nínú yàrá mi, owó ni màá kàn gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọmọ yín ní Houston ti rí i. Iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan wà tó ń jẹ́ TRACK-TBI, àwọn ọsibítù Amẹ́ríkà ló para pọ̀ ṣe é, èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet Neurology lọ́dún 2022. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lé ní 1,600 lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèṣe gan-an, wọ́n wá padà wò wọ́n lẹ́yìn oṣù 6. GFAP àti UCH-L1 gbìyànjú gan-an láti tọ́ka àwọn tó kú àtàwọn tí kò lè dá nǹkan ṣe mọ́. Àmọ́ nígbà tó kan ẹni tó máa padà sípò pátápátá àti ẹni tí nǹkan díẹ̀díẹ̀ á kù sí lára, kò mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀ dáadáa. Èyí tí ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ìyá Rótìmí, ẹ ò dá mi lóhùn lórí rọ́bà.

Ìyá Rótìmí:
Ti imú wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un lóògì. Wọ́n sì dá ihò sí i lọ́fun, níbí tí ọrùn ti pàdé àyà, wọ́n ki páìpù kékeré kan bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ so mọ́ ọn, wọ́n ti tú ẹ̀rọ. Ihò yẹn ṣì ń bẹ, ikọ́ ló ń gbabẹ̀ jáde. N kì í fẹ́ wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí nǹkan!

Mà, báwo ló ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀? Èémí gbọ́dọ̀ gba gògóńgò kọjá kí ohùn tó lè jáde. Ibi tí wọ́n dá ihò sí wà nísàlẹ̀ gògóńgò, afẹ́fẹ́ ti jáde kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá dá irú ihò yẹn sí èmi náà lọ́fun lónìí, n ò ní lè kí yín káàárọ̀. Nínú òṣùwọ̀n Glasgow tá a fi ń wo orí, T la máa ń kọ síbi ọ̀rọ̀ sísọ fún irú wọn, a ò ní ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wí fún mi. Bí wọ́n bá sọ pé kó ṣe nǹkan, ṣé ó ń ṣe é?

Ìyá Rótìmí:
Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá ní kó fún òun lọ́wọ́ mọ́ra, ó ń fún un. Mo ní ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Dókítà àgbà náà ní kó na ìka méjì sókè lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó nà án. Mo rò pé iṣan ló ń fà á ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Iṣan kì í ka ìka, mà. Ẹni tí wọ́n ní kó na méjì tó na méjì ti gbọ́, ó ti yé e, ó sì ṣe é. Máàkì 6 nínú 6 nìyẹn ní ti ọwọ́. Kí ìyàwó wa máa kọrin rẹ̀ lọ, ẹ má dá a lẹ́kun.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń bínú sí ńkọ́? Àwọn tó ṣe ìṣirò IMPACT lọ́dún 2008, èyí tí wọ́n fi ń fojú díwọ̀n bó ṣe máa rí fún ẹni tó fi orí ṣèṣe, kó ọjọ́ orí, bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ọmọlójú ṣe ń dáhùn sí iná, ìfúnpá, ọ́síjìn àti CT scan pọ̀, wọ́n wá fi nǹkan méjì láti inú ẹ̀jẹ̀ kún un: shúgà àti hẹmoglóbíìnì, tí PCV yín ń tọ́ka sí. Ti ọjọ́ tí aláìsàn wọlé ni wọ́n ń lò. Shúgà tó ga jù àti ẹ̀jẹ̀ tó kéré kì í ṣe àmì rere. Ọpọlọ tó ṣèṣe kò fẹ́ kí méjèèjì ṣe ségesège, ohun tí wọ́n ṣe ń wò ó lárààárọ̀ nìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ nǹkan, tí apá wa ká, ẹ ti ń sanwó rẹ̀.

Alhaja Ṣìkírá:
Ìyá Rótìmí, kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi èsì yẹn ṣe? Bó bá ní kò ní yè, ṣé ẹ ó gbé e sílẹ̀ ni?

Ìyá Rótìmí:
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ gún mi lára, Alhaja. Owó ti tán. Ilẹ̀ bàbá wa kan wà ní Mọ́níyà, oníbàárà ti dúró. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló ní òun ò ní fọwọ́ síwèé, pé a kì í torí òkú ta ilẹ̀ alààyè, àfi kí n mú ìwé wá láti ọsibítù pé á gbádùn. Ìdí tí mo fi ń wá èyí tó máa jáde ní nọ́ńbà nìyẹn. Wọ́n ń gba nọ́ńbà gbọ́.

Ràsákì Fọganáísà:
Ta ló ń jẹ́ òkú? Ẹni tó ń ka méjì?

Kọ́lá Manchester:
Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ti wá wò ó?

Ìyá Rótìmí:
Ẹ̀ẹ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà tó ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ẹ bẹ dókítà àgbà kó kọ ìwé pé: ó ń mí fúnra rẹ̀, ó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, ó nílò físíò àti ẹni tó máa kọ́ ọ ní jíjẹun àti ọ̀rọ̀ sísọ. Wọn ò ní kọ ọ́ síbẹ̀ pé á padà sípò pátápátá, ẹ má fi túláàsì mú wọn. Kí ẹ̀gbọ́n yín wá lásìkò tí ìyàwó wa bá wà níbẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ní kó na ìka.

Làbúdé Láàbù:
Bí ẹ bá sì ta ilẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí láàbù kankan l'Ékòó gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ nítorí GFAP. Físíò ni kó lọ.

Ìyá Rótìmí:
Mo ti gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni màá ní kí ẹ̀gbọ́n wa wá. Mo tún ní ìbéèrè kan, ẹ má jẹ́ ó sú yín: ìdí rẹ̀ ti fẹ́ máa bó nítorí ìdùbúlẹ̀. Wọ́n ní ká ra fóòmù tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ta ló ní àlòkù tó ṣì dáa?

Alhaja Ṣìkírá:
Ti màmá mi wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ ń pariwo díẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yín sí inbox mi.