Àbọ̀ lórí C: tó kún: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé ní Táíwò, tí C: rẹ̀ (ibi tí Windows wà nínú dísìkì) kún débi pé Windows 10 kò rí àyè gba update, ti mí kanlẹ̀. Mo ti ìbéèrè tí mo bi yín nípa rẹ̀ pa.

Windows.old, àpò tí Windows àtijọ́ wà, ló gba àyè jù. Ẹ má fọwọ́ pa á rẹ́. Ẹ ṣí Disk Cleanup, ẹ tẹ "Clean up system files", kí ẹ mú "Previous Windows installation(s)". Nínú àwọn Windows 10 kan, Downloads (àpò fáìlì tí ẹ gbà láti orí ayélujára) wà nínú àkójọ ohun tí yóò pa rẹ́ yẹn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó mú un, iṣẹ́ oníbàárà lè wà níbẹ̀.

WinSxS, àpò tí àwọn ẹ̀yà Windows fúnra rẹ̀ wà, ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, Windows lè má tàn mọ́. Láti kó èyí tí kò wúlò mọ́ nínú rẹ̀ kúrò, ẹ ṣí Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ:

DISM /Online /Cleanup-Image /StartComponentCleanup

Ẹ má fi /ResetBase kún un. Bí update kan bá dà yín láàmú, ẹ ò ní lè yọ ọ́ mọ́.

"powercfg /h off", tí mo tẹ̀ sínú Command Prompt yẹn, ló yọ hiberfil.sys, fáìlì tí Windows ń kó iṣẹ́ tó ṣí sí kí kọ̀ǹpútà tó kú (hibernate). Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ fi hiberfil.sys sílẹ̀: bí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì sì ń tán, òun ló ń tọ́jú iṣẹ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà.