Wọ́n yọ mí nínú kwáyà torí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sábáàtì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi gan-an. Ìjọ tó ń pa Sátidé mọ́ ni mò ń lọ, tí oòrùn bá ti wọ̀ ní Fráídè, a kì í rà, a kì í tà títí ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mi ò sì bá wọn jà lórí ẹ̀ rí. Mo ní kẹ́míìsì kékeré níwájú ilé. Sátidé tó kọjá mo ti wọ aṣọ kwáyà tán, aṣọ tí mo fowó ara mi rán o, ni ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ dé, ara ọmọ gbóná janjan, giri ti fẹ́ mú un. Mo ṣílẹ̀kùn, mo fomi nu ún lára, mo fún un lóògùn, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ ọsibítù. Ni alàgbà kan bá dìde níwájú ìjọ pé mo sọ ọjọ́ Olúwa di ọjọ́ ọjà, kí n lọ jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta. Èmi tí mò ń lé orin! Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi, ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ jáde. Kí ni kí n ṣe?

Mọ́mì Tọ́ba: Kúrò níbẹ̀ jàre. Èmi náà, nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọ aṣọ ọmọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo fi ṣọ́ọ̀ṣì wọn sílẹ̀ fún wọn.

Bọ̀dá Gbénga: Ẹ ka Lúùkù 13. Obìnrin tí Jésù wò sàn ní Sábáàtì, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀ fún ọdún 18, kò ní kú lọ́jọ́ yẹn, Jésù lè ní kó padà wá lọ́la. Ohun tí olórí sínágọ́gù fẹ́ gan-an nìyẹn, ó ní ọjọ́ mẹ́fà wà fún iṣẹ́. Jésù ní ṣebí ẹ̀yin náà ń tú màlúù yín lọ mumi ní Sábáàtì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Nehemáyà 13 náà ńkọ́? Ó ti ilẹ̀kùn Jerúsálẹ́mù mọ́ àwọn ọlọ́jà síta ní Sábáàtì. Arábìnrin, ṣé ẹ gbowó?

Olùbéèrè: Mọ́mì Tọ́ba ẹ ṣé mà, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ mi yé. Láti kékeré ni mo ti wà ní kwáyà yẹn.

Délé: Sọ́ńdè lọjọ́ Olúwa, Sátidé ti bá òfin Mósè lọ.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́: Ta ló bi yín? Ọ̀rọ̀ aláìsàn là ń sọ. Adventist ni mí, àwa náà ń pa Sátidé mọ́, ọsibítù Adventist tó wà ní Ifẹ̀ ń gba aláìsàn ní Sátidé, ìtọ́jú kì í ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n arábìnrin, ẹ ò tíì dáhùn o, ṣé ẹ gbowó?

Olùbéèrè: Owó oògùn ni mo gbà, èmi náà fowó rà á ni. Àwọn tó rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí náà wá, mo ta Pampers fún ẹnì kan, mo ta káàdì fún ẹnì kan. Ṣé kí n lé wọn ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀ẹ́n! Ti ọmọ yẹn, àánú ni. Káàdì, ọjà ni.

Mọ́mì Tọ́ba: Mo ní kó kúrò níbẹ̀!

Olùbéèrè: Mi ò lè kúrò mà. Bàbá ọkọ mi ni alàgbà yẹn, ilé wọn là ń gbé, àwọn náà ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Bọ̀dá Gbénga: Kí ló dé tẹ́ ò sọ ìyẹn látàárọ̀? Kí ni ọkọ yín sọ? Ọmọ náà ńkọ́, ara ẹ̀ ti yá?

Olùbéèrè: Ara ọmọ ti yá. Ìyá ẹ̀ gbé e wá dúpẹ́ lánàá, bàbá ọkọ mi wà níbẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́: Ẹ mú ìyá ọmọ yẹn dání tẹ́ ẹ bá ń lọ bẹ bàbá. Torí káàdì àti Pampers nìkan ni kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n o, ẹ má bẹ̀bẹ̀ torí ọmọ yẹn rárá.