Rédíò kékeré fún ilé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Àwẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ rédíò ni mo gbé wá. Kì í ṣe ti inú ọkọ̀, kì í ṣe ti inú fóònù. Èyí tí a ń gbé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni mò ń wí, tí àgbàlagbà lè nawọ́ sí nínú òkùnkùn kó sì tàn án.

Màámi ti pé 76, Àwẹ́ ni wọ́n ń gbé. Rédíò National onípákó tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wọn ló dákẹ́ nínú oṣù kẹta. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn, mo ra tuntun ní ₦18,000. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pọ̀ ju ti ara àpò sìmẹ́ńtì lọ: FM, AM, SW, Bluetooth, ibi tí a ń ki fláàṣì bọ̀, tọ́ọ̀ṣì níwájú, sólà kékeré lórí. Ẹ mọ̀ wá, a fẹ́ràn kí nǹkan kan máa ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá. Inú mi dùn délé.

Lóru ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Màámi pè mí. Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Ọmọ mi, obìnrin kan wà nínú yàrá mi. Òyìnbó ló ń sọ."

Àyà mi já. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n tún un sọ ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ wọn ló gbá bọ́tìnì kan níbi tí wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa tàn án, ni ẹ̀rọ bá figbe ta: "Bluetooth mode!" Màámi dá a lóhùn pé, "Ta nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ìwàkíwà yẹn rí, kí èèyàn wọlé onílé lóru kó má sì kí i.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti bọ́ síbòmíràn. Wọ́n á ní rédíò ti ya odi. Ó di ọjọ́ Sátidé tí ọmọ àbúrò mi bá wá kí wọn kó tó tún sọ̀rọ̀. Bó bá sì wá dé orí Amúlùdùn 99.1 tí wọ́n ń gbọ́, á máa wọlé, á máa jáde, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Òmíràn ni mo fẹ́ rà. Kí ẹnikẹ́ni má polówó ọjà fún mi o. Ẹ sọ èyí tí ojú tiyín rí.

Bàbá Ìbejì, Agége

Tèmi kò gùn. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló gbé e wálé, rédíò dúdú kan tó rí rùmúrùmú. Bátìrì la fi ń lò ó, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Lọ́jọ́ Kérésì, bátìrì tán. Mo mú wáyà rẹ̀, mo wá adápítọ̀ tó ba sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, mo kì í bọ̀ ọ́.

Ó sọ pàù! Lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá Ìbejì pariwo láti ilé ìdáná pé ta ló ń sun irun ewúrẹ́ nínú pálọ̀.

Iná 120V ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, iná tiwa sì jẹ́ 230V. Gíláàsì ojú mi wà lójú mi lọ́jọ́ náà o, mi ò kàn yí ìdí rédíò sókè wò ni. Adápítọ̀ yẹn, ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà, kì í sọ iná di kékeré.

Ọmọ Ìyá Alákàrà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò ṣe ra fóònù fún Màmá? Rédíò wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Àwẹ́

Àbúrò, o ṣé. Mo ti gbìyànjú ìyẹn náà. Rédíò inú fóònù yẹn ní àfi kí a ki íyàpíìsì bọ̀ ọ́ kó tó gbọ́ FM, torí wáyà íyàpíìsì ló ń lò ní ẹ́ríà, ohun tó ń mú ohùn sítéṣọ̀n. Màámi ní àwọn ò ní fi okùn dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ará Peckham

Ẹ wò ó, èmi ni mo fi rédíò ránṣẹ́ sílé tí wọ́n wá ń gbé ife tíì lé lórí.

Níbí ní London, DAB ló gbòde, ìyẹn rédíò dígítà tí kì í ṣe FM. O kàn máa tẹ bọ́tìnì, orúkọ sítéṣọ̀n á tò sójú rẹ̀ bí orúkọ ọmọ ilé ìwé. Mo rí ọ̀kan tó rẹwà, ó kéré, aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ti gé owó rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò wò ó pé kò ní FM rárá, DAB nìkan ló mọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n fi gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú wá sítéṣọ̀n kiri, odo ni ó ń gbé jáde. Wọ́n gbé e gun òkè ilé, odo náà ni. Wọ́n pè mí nírọ̀lẹ́, wọ́n ní, "Àbúrò, asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pe tàwọn èèyàn. Tèmi kì í tilẹ̀ í sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ara páálí bóyá FM wà níbẹ̀.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, "Ta nìyẹn" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Màmá ti gbàgbé orúkọ tí à ń pe rédíò ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ tirẹ̀, kò gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àpótí Rediffusion, rédíò tó ń gba inú wáyà wọlé, ni èmi fi orúkọ yẹn mọ̀. Èkó ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ó dé Ìbàdàn níbí ní 1939. Nígbà tí èmi gbọ́njú ní Òkè-Àdó, ó ti wà lára ògiri pálọ̀ bàbá mi: àpótí pákó, wáyà kan tó gba ara òpó ìta wọlé, bọ́tìnì kan ṣoṣo níwájú. Kò sí bátìrì, kò sí ẹ́ríà, kò sí pé à ń wá sítéṣọ̀n kiri. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ó sọ̀rọ̀. Ẹ yí i sósì, ó dákẹ́. Oṣooṣù ni bàbá mi ń sanwó rẹ̀, àwọn ará ilé kejì tí wọn ò ní tiwọn á sì gbé àpótí ìjókòó wọn wá sábẹ́ fèrèsé wa lálẹ́. Ìyá mi kò fẹ́ràn ìyẹn, torí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n bá jẹ sílẹ̀, ìyá mi ló ń gbá a lọ́jọ́ kejì.

Lójú tèmi, bọ́tìnì kan yẹn ni Màmá Àwẹ́ ń wá. Rédíò tó bá ní bọ́tìnì ju mẹ́ta lọ, ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà ńkọ́? Nígbà tí rédíò alágbèékà dé, a máa ń sá bátìrì tó ti rẹ̀ sóòrùn lórí páànù, á tún sọ̀rọ̀ fún alẹ́ kan sí méjì. Ìṣẹ́ ni o, ẹ má ṣe é mọ́. Ọjọ́ tí bátìrì bá tú omi sínú rédíò, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin ibẹ̀ nìyẹn.

Onírédíò, Òṣogbo

Ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mo fi tọ́ ọmọ, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó sì pọ̀ jù lórí tábìlì mi ni rédíò tí kò bàjẹ́.

Bàbá kan gbé tiwọn wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Bó bá délé, á máa ta pá-pá-pá bí ẹni ń yan gúgúrú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Àṣé orí inverter ni wọ́n gbé e lé, ṣájà fóònù mẹ́ta wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú wà lókè orí rẹ̀. Mo yọ ṣájà kan, ariwo rọlẹ̀ díẹ̀. Mo yọ àwọn méjì tó kù, mo pa gílóòbù, ó tún rọlẹ̀. A gbé rédíò lọ sójú fèrèsé, ó mọ́ fò. Mi ò gbowó lọ́wọ́ wọn, ẹmu ni wọ́n fi ṣe mí lálejò.

Ohun tó fà á ni pé inú àwọn nǹkan wọ̀nyí, iná ń tan, ó ń kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìyẹn náà ń fọ́n ìgbì síta, rédíò a sì gbé e bí ẹni gbé ọ̀rọ̀. AM ló ń jìyà rẹ̀ jù. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ní rédíò kò dáa, ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń jẹ iná nínú yàrá, kẹ́ ẹ fi bátìrì tẹ́tí sí i.

Ti ẹ́ríà: irin tí à ń fà jáde yẹn, FM àti SW ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ìgbì FM kan gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ẹ́ríà tó bá tó ìdá mẹ́rin rẹ̀, bíi sẹ̀ntímítà 75, ló ń gbé e dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré tó wà lọ́jà kò gùn tó ìyẹn. Ẹ na wáyà kan mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó gba ojú fèrèsé. AM kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú irin yẹn. Inú ikùn rédíò ni ẹ́ríà tirẹ̀ wà, ọ̀pá dúdú kan tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé. Bí AM kò bá já gaara, ẹ yí rédíò fúnra rẹ̀ bí ẹni yí orí, ẹ ó rí ibi tó ti máa là.

Ní ti Àwẹ́, ọ̀nà Mọ́níyà ní Ìbàdàn ni Amúlùdùn ti ń bọ̀. Bí òrùlé bá jẹ́ páànù, tí rédíò sì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, báwo ló ṣe máa gbọ́? Fèrèsé tó kọjú sí Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ mú bátìrì tiyín dání, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná ṣọ́ọ̀bù dán an wò fún yín. Ìbàdàn rọrùn fún ìdánwò. Splash wà ní 105.5, Fresh wà ní 105.9. Àlàfo àárín wọn kò tó nǹkan. Rédíò tó bá ń da àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀. Ẹ wá dín ohùn kù dé ibi tí Màmá ń gbọ́ ọ lóru, ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹ má tẹ́tí sí orin. Orin máa ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀rọ̀ ni àgbà ń gbọ́, bí ohùn bá ti dún bòmù-bòmù, etí wọn ò ní mú un.

Èyí tí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ pẹlẹbẹ BL-5C, irú ti Nokia àtijọ́, ó ṣeé rà pààrọ̀. Èyí tí wọ́n fi òjé jó bátìrì mọ́ nínú, ọjọ́ tó bá kú, ọ̀dọ̀ wa náà lẹ ń bọ̀.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìlọrin

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gílóòbù mi ni o. Olúwa! Ọdún méjì ni mo ti ń bú rédíò yìí.

Ọmọ Àwẹ́

Mo ti dé. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará.

Mo lọ sí Dùgbẹ̀ ní Sátidé, bátìrì ńlá mẹ́rin nínú báàgì mi, ó wúwo bí ẹni ru irin. Ẹni àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí n já páálí. Ẹnìkejì jẹ́ kí n já a. Mo gbé rédíò jáde sí ẹ̀bá títì, mo wá 105.5, mo wá 105.9. Ọ̀kan da ìròyìn pọ̀ mọ́ ìpolówó àgbo. Èkejì yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dín ohùn kù, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó wà nínú garawa. Nígbà tí mo ní kó gbé ẹ̀kẹta wá, ọmọkùnrin náà wò mí títí. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ gbé rédíò yìí níyàwó ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ọkọ ló ń dúró dè é nílé.

Ẹ̀kẹta ni mo rà, ₦26,500. FM àti AM nìkan ló ní. Bọ́tìnì ohùn lọ́tùn-ún, ti sítéṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń rìn bí ti àtijọ́. Nígbà tí mo dé Àwẹ́, mo gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà Ìbàdàn, mo fa ẹ́ríà rẹ̀ jáde tán, mo yí i sí 99.1, mo wá mú sẹ́lótéèpù, mo fi lẹ bọ́tìnì sítéṣọ̀n pa kó má lè yí mọ́. Tíṣà, ó ku bọ́tìnì kan.

Màámi yí i sọ́tùn-ún, ó sọ̀rọ̀. Wọ́n yí i sósì, ó dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo wá na ọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ kí n lè gbé e lọ, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, òun ni wọ́n fi ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé lóru. Kí n kàn bá wọn sọ fún obìnrin inú rẹ̀ kó máa kí èèyàn.