Fíìmù sáyẹ́ǹsì amúnironú wo ló yẹ ká wò?
Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Mo ń wá fíìmù sáyẹ́ǹsì amúnironú tí èmi àti àwọn àbúrò mi lè jọ wò. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Interstellar ti ọdún 2014, níbi tí wákàtí kan nítòsí ihò dúdú (ohun kan ní òfurufú tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè bọ́ lọ́wọ́ agbára òòfà rẹ̀) ti jẹ́ ọdún 7 lórí ilẹ̀ ayé, nítorí pé agbára òòfà tó pọ̀ máa ń fa àkókò lọ́wọ́ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Einstein ti ṣàlàyé. Àmọ́ ẹkún bàbá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ ìtumọ̀ ìṣirò náà. Àdììtú lásán kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló tún ní irú ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò sì yé ọmọ ọdún 14?