Ẹsẹ̀ ìyá mi ń jó wọn bí iná lóru, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá mi tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ìpáta níbí n'Ílọrin ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ti pẹ́, àmọ́ láti bí ọdún méjì ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti ń jó wọn bí ẹni tó tẹ ẹyin iná mọ́lẹ̀, tó bá ti dalẹ́ ló máa ń le jù, aṣọ ìbora gan-an ò gbọdọ̀ kàn án. Lọ́jọ́sí ìṣó gún wọn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀, èmi ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú sálúbàtà. Dókítà ní ṣúgà ló ti ba nerve (iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára) ẹsẹ̀ wọn jẹ́, pé parasitamọ́ọ̀lù ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Wọ́n kọ pregabalin 75mg, oògùn ìrora nerve, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń tòògbé nídìí àtẹ. Owó ẹ̀ ńkọ́, hmm. Ṣé ẹnì kan ti lo amitriptyline, oògùn mìíràn fún irú ìrora yìí, rí nínú yín, báwo ló ṣe rí lára àgbàlagbà? Àbí ká kọ́kọ́ yẹ fítámì B12 ara wọn wò, torí metformin, oògùn ṣúgà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, lè dín in kù? Àǹtí mi kan ní ká fi àdí gbígbóná pa á, mo ní rárá, ẹsẹ̀ tí ò mọ̀ pé ìṣó gún òun, ṣé ó máa mọ̀ tí àdí bá bó o?