Ìdáhùn: «ìfìtarapíngbàgbọ́» àti ọ̀rọ̀-ìṣe «pín»

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀fà fi ránṣẹ́, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́. Fún àwọn tí kò bá wa débẹ̀: ìjọ wọn ló ń túmọ̀ ìwé pélébé kan tó ń rọ àwa Kátólíìkì pé kí a tún gbéra, kí a máa sọ ìgbàgbọ́ wa fún ẹlòmíràn tọkàntọkàn, kí ó hàn pé ó ń jó wa nínú. Ẹ̀gbọ́n wá ṣẹ̀dá «ìfìtarapíngbàgbọ́» fún un, ìyẹn fífi ìtara pín ìgbàgbọ́, wọ́n ní kí gbogbo wa máa lò ó.

Mi ò bá «ìtara» jà. Ó wà nínú Bíbélì, «ìtara ilé rẹ jẹ mí run». Ohun tó ń ta ni lára ni, bí ata ṣe ń ta ẹnu. «Pín» ni mo bá jà.

Kí ni à ń pín nílẹ̀ yìí? Ogún. Iyán. Ẹran. Ìlọrin ni mo ń gbé. Bí Iléyá bá dé, ẹran á máa ti ilé kan dé ilé kejì ní àdúgbò wa, tiwa náà á sì dé. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì wa á gba ọ̀nà kan náà padà lọ. Pípín nìyẹn. Ẹni tó pín ẹran, tirẹ̀ dín kù, ẹni tó gbà á kò sì gba odidi, ìpín rẹ̀ ló gbà. Bí mo bá sọ ti Jésù fún aládùúgbò mi, tó sì gbà á gbọ́, ṣé ìdajì ló kù sí mi lọ́wọ́ ni? Ẹ lọ bá bàbá àgbàlagbà kan níbí, kí ẹ ní, «Bàbá, mo wá pín ìgbàgbọ́ fún yín.» Yóò dá yín lóhùn pé, «Ọmọ mi, tèmi kò tíì tán.» Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn sọ fún un ló fèsì sí.

Gẹ̀ẹ́sì ló sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «share», ni wọ́n fi ń gé búrẹ́dì fún ara wọn, òun náà ni wọ́n fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ tún wo ohùn. «Pín», ohùn òkè. «Pin», ohùn àárín, bí a ṣe ń sọ pé ìrètí pin. Gbogbo wa la mọ bí àwọn atẹ̀wé ṣe ń jẹ àmì ohùn. Ọjọ́ tí ìwé pélébé yẹn bá jáde láìsí àmì, ẹni tó bá mú un lójú títì lè kà á pé ìgbàgbọ́ ti pin. Ṣé ohun tí a fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n gbèjà ara wọn lọ́nà méjì. Wọ́n ní ohun tí a bá pín ni ẹnìkejì ń gbà, «gbà» sì wà nínú «ìgbàgbọ́». Rárá o. «Gbà» ti inú ìgbàgbọ́ kì í ṣe ti ọwọ́. «Gbà» ti «mo gbà pé òótọ́ ni» ni.

Èkejì le ju ìyẹn lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní kí n rántí orin ìyìn tí a ń kọ sí àbẹ́là Àjíǹde lálẹ́ Sátidé Mímọ́, pé Látìnì rẹ̀ sọ pé a pín iná náà sí ọ̀nà púpọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé òpin: kíá ló fi kún un pé iná náà kò mọ àdánù kankan. Látìnì fúnra rẹ̀ rí i pé «pín» yóò ṣi ni lọ́nà, ló fi sáré tún un ṣe. Kí ló dé tí àwa yóò fi mú ọ̀rọ̀ tó nílò àtúnṣe, tí a ó sì já àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí iná bá kú ní ààrò wa, ìyá mi á fún mi ní àpáàdì, á ní kí n lọ wá iná wá nílé kejì. Wọ́n á kó ògúnná sí i fún mi, tiwọn á sì máa jó lọ. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kankan rí pé wọ́n «pín iná» fún òun. Iná a máa ràn ni. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú, èmi tí mo sì gbé e mọ̀ bó ṣe ń gbóná dé ọwọ́.

Nítorí náà «ràn» ni mo dúró tì. Ẹ wo gírámà rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n. «Iná ràn.» «Iná ran ilé kejì», ohùn ìsàlẹ̀ gòkè di àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀lé e. «Ó ràn mí», kò gòkè. Ta ni olùwà? Iná ni. Nínú «pín», èèyàn ni olùwà, ìgbàgbọ́ di àbọ̀ bí ẹran lórí àtẹ. Nínú «ràn», ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbàgbọ́ bàbá mi ràn mí. Katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ, ni wọ́n, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ sí abúlé ní Sátidé. Wọn kì í sọ pé àwọn ń lọ pín nǹkan kan. «Mo ń lọ kí wọn» ni wọ́n máa ń wí, wọn kì í sì í tètè dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Èkó láyé àtijọ́. Nígbà tí Fádà Borghero, míṣọ́nnárì Kátólíìkì kan, dé ibẹ̀ ní 1863, ó bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé tí wọ́n ti ń gbàdúrà, ẹrú kan tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló sì ń darí wọn. Kì í ṣe àlùfáà rárá. Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà kọ ọ́ ní 1975 pé ẹlẹ́rìí ni àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí ń fetí sí ju olùkọ́ lọ. Ẹlẹ́rìí kò ní ohun tí yóò pín. Ohun tó rí ló ń sọ.

Ẹnìkan yóò ní ti àrùn ni «ràn», pé «àkóràn» ni a gbọ́ títí etí fi kún ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń ràn, yíyán ń ràn. Àrùn nìkan kọ́ ló ni ín.

Bí a bá sọ pé «fi iná ràn án», ẹ jẹ́ kí a sọ pé «fi ìgbàgbọ́ ràn án», kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ «ìfìgbàgbọ́ràn». «Ìtara» kò tún sí níbẹ̀, ẹ ó rí i. Kò pọn dandan. Ẹni tí kò gbiná, kí ni yóò fi ran ẹnikẹ́ni?

Ti «wàásù» tí ẹ̀gbọ́n ní kí a jù nù nítorí pé kì í ṣe Yorùbá, mo kọ̀ ọ́ tagbáratagbára. Lárúbáwá ni orísun rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá. Ní Ìlọrin, «wáàsí» ni àwọn Mùsùlùmí ń pè é títí dòní. Bí a bá jù ú nù, ṣé a ó ju «àlùfáà» àti «àdúrà» náà nù? Ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sọ ọ̀rọ̀ yìí di tiyín nìkan, ẹ má bínú sí mi. Èmi kò ní ju ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́ nù.

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbé ìwé náà fún àwọn atẹ̀wé.