"Eré àbínibí" kọ́ ni 3200 tí wọ́n kọ sára RAM

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Àbúrò wa tó ń kàwé ní LAUTECH bèèrè pé kí la máa pe iye eré tí wọ́n ń kọ sára RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, àti pé kí ló dé tí èyí tóun rà, DDR4 (ìran kẹrin RAM DDR) tí wọ́n kọ 3200 sí lára, fi ń sáré 2133 lásán nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì òun. Ẹ̀gbọ́n wa l'Ọ́yọ̀ọ́ ní ká pè é ní "eré àbínibí", àǹtí wa ní "ìyára" ti tó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè gba "àbínibí" yẹn rárá.

Ohun tó bá jẹ́ àbínibí, ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ni kó tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ RAM DDR4 tí wọ́n kọ 3200 sí lára, tẹ́ ẹ bá kì í bọ bọ́ọ̀dù (motherboard) tẹ́ ẹ tanná sí i, 2133 tàbí 2400 tàbí 2666 ló máa fi jí, torí ohun tí ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin fún RAM, fún un nìyẹn, fóltéèjì 1.2 ló dẹ̀ ń lò. 3200 yẹn wà lára ẹ̀ lóòótọ́, inú ṣíìpù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní SPD ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀pọ̀ ìgbà pẹ̀lú fóltéèjì 1.35, àmọ́ bọ́ọ̀dù ò ní lò ó àfi tẹ́ ẹ bá ní kó lò ó. XMP ni Intel ń pe ètò tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn láti 2007, AMD, orogún ẹ̀, gbé tiẹ̀ tó ń jẹ́ EXPO jáde ní 2022 fún DDR5. Àwọn kan wà o tó jẹ́ pé 3200 gan-an ni JEDEC fún wọn, 1.2 náà ni wọ́n dẹ̀ ń lò, ìyẹn lẹ lè pè ní àbínibí tí mi ò ní jiyàn.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí iná ṣe wọlé báyìí ni ọmọkùnrin yẹn ń tẹ Delete lemọ́lemọ́, BIOS, ojú ewé ètò bọ́ọ̀dù, ṣí, ó wá ibi tí wọ́n kọ XMP sí, "Disabled" ló wà níbẹ̀, ó yí i sí "Profile 1", ó tẹ F10, ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù débi tí ẹni tó ni ín fi dìde, kó tó wá tàn padà. Wọ́n ṣí Task Manager inú Windows tó ń fi eré RAM hàn, 3200 rèé. Ó ní "iye tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyẹn". Kí la tún ń wá? Eré àfọwọ́sọ̀yà! Ẹni tó ṣe RAM ló fọwọ́ sọ̀yà pé tẹ́ ẹ bá fún un ní fóltéèjì yìí, ó máa sá a. Kò bá bọ́ọ̀dù yín sọ̀yà, kò bá prósẹ́sọ̀ yín sọ̀yà, Intel fúnra ẹ̀ dẹ̀ ka XMP sí overclocking, ìyẹn sísá kọjá ìlànà.

Ní ti "ìyára", àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń sá fún "eré" torí eré ṣíṣe, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyára sílẹ̀ fún bí RAM ṣe ń yára dáhùn, èyí tí wọ́n ń fi CL, iye ìlù clock inú ẹ̀ tó máa kọjá kó tó dáhùn, ṣírò. 3200 CL16 àti 3600 CL18, nanosecond 10 ni àwọn méjèèjì fi ń dáhùn, eré wọn ò dẹ̀ dọ́gba. Tá a bá fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì a ti ba nǹkan jẹ́.

Ẹni tó kọ "3200 MHz" síbí náà, ẹ jọ̀ọ́, 1600 ni MHz ẹ̀. DDR ń gbé dátà nígbà tí clock bá ń gòkè, ó tún ń gbé e nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, bí ọlọ́kadà tó gbé èrò láti Under G lọ Takie tó tún gbé òmíràn bọ̀. Àwọn èèyàn á ṣí CPU-Z, ètò tó ń fi MHz gan-an hàn, wọ́n á rí nǹkan bíi 1600, wọ́n á ní wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Ẹnì kan dábàá "ìgbé" fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbé dátà, ó dáa, àmọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ wo ohun tí wọ́n máa kà á sí! "Ìkẹ́rù" ni tèmi: mílíọ̀nù 3200 ìkẹ́rù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àbúrò, kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀dù ẹ. Tó bá jẹ́ H410 pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ i5-10400, 2666 lo máa bá a dé, tó o bá tiẹ̀ tan XMP. Tó bá jẹ́ B560 pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ Intel ìran kọkànlá, tan XMP. Tó bá jẹ́ RAM méjì nínú ihò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin, téèyàn bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù fẹ́, ka ìwé tó bá a wá.

Ibi tí bọ́ọ̀dù àti prósẹ́sọ̀ ò ti jẹ́ kí RAM kọjá yẹn náà ò tíì lórúkọ o. "Ààlà eré" ló ń wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?